Ẹyin Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Ọ̀gọ̀dọ̀: Sísìn Rẹ̀ Nílé àti Dídá A Padà

Ọ̀pọ̀lọ́, kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré jẹ́ ẹ̀dá tí ń lo ìgbà èwe wọn nínú omi, níbi tí wọ́n ti ń mí bí ẹja, kí wọ́n tó yọ ẹsẹ̀, kí ìrù wọn tó pòórá, kí wọ́n sì tó jáde sórí ilẹ̀ láti máa fi ẹ̀dọ̀fóró àti awọ ara mí. Ìdí nìyí tí àwọn kan tí ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá fi ń pè wọ́n ní ẹran jomijòkè, ìyẹn ẹran tí omi àti ilẹ̀ jọ ni ín. Ní Àgídìngbì, àdúgbò Ìkẹjà tí Rédíò Èkó àti Tẹlifíṣọ̀n Èkó fìdí kalẹ̀ sí, tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì tò sí ẹ̀bá òpópónà Lateef Jakande, ohùn wọn ní òru wà lára ohun tí ó ń kéde pé òjò ọdún ti dé, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹyin wọn yóò fi wà nínú omi tí ó dúró sí ẹ̀yìn ọgbà, nínú ojú ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù, àti nínú gọ́tà tí kò ṣàn. Àwọn ọmọdé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí i, ìbéèrè tí wọ́n sì ń gbé wá sílé ni àsọyé yìí fẹ́ dáhùn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn bu irú ẹyin bẹ́ẹ̀ wá sílé, kí ó sìn ín títí yóò fi di ọ̀pọ̀lọ́, bí ó bá sì tọ́, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó ṣe é?

Ìdáhùn náà ni pé ó tọ́ ní ìwọ̀nba, bí ó bá jẹ́ nítorí ẹ̀kọ́ ni, tàbí nítorí pé omi tí ẹyin náà wà nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ pa run. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò dá ọmọ náà padà sí kí ó tó fi ọwọ́ kan ẹyin. Kókó yìí ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn mọ irú ẹyin tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹyin àwọn ẹ̀dá yìí kò ní èèpo líle bíi ti adìyẹ. Oje dídán tí ó ń fà bí ilá ni ó bò ó, oje náà sì ń jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ kọjá sọ́dọ̀ ọlẹ̀, ìyẹn ọmọ tí kò tíì pọ́n, tí ó wà ní àárín rẹ̀ bí àmì dúdú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yé e ni ó ń tọ́ka sí ẹni tí ó yé e. Bí ẹyin dúdú wẹ́wẹ́ bá tò tẹ̀ léra nínú okùn gígùn kan tí ó lọ́ mọ́ koríko inú omi, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sára òwú, ti ọ̀pọ̀lọ́ ilé ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Sclerophrys regularis, abo kan nínú wọn sì lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹyin bá tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi ní ìpele kan, bí òróró ṣe ń tẹ́ sójú ọbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti àwọn àkèré inú koríko, ìyẹn àwọn ẹ̀yà Ptychadena àti Phrynobatrachus. Ní inú igbó, ẹ̀yà kan wà, Chiromantis rufescens, tí ń gun igi lọ po ìfófòó funfun bíi ti ọṣẹ sára ewé tí ó nà sórí omi, tí ó sì ń yé ẹyin sínú ìfófòó náà, kí àwọn ọmọ lè já bọ́ sínú omi fúnra wọn nígbà tí àkókò bá tó. Irú èyí kò ṣeé gbé kúrò ní àyè rẹ̀ rárá, nítorí pé ewé, ìfófòó àti omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ jẹ́ ilé kan ṣoṣo ni.

Kọ̀ǹkọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hoplobatrachus occipitalis, ní ìwà tirẹ̀. Inú omi tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ jọ ni ó ń yé sí, ó sì ń tú ẹyin ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò kí ó so ó pọ̀. Ọmọ rẹ̀ kì í jẹ ọbẹ̀dọ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó ń jẹ tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn inú omi, ó ń jẹ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó bá bá nínú omi náà, bí oúnjẹ bá sì tán, a máa jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó ogún wọn sínú báàfù kan kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí ó bá jí lọ́jọ́ kan tí ó bá mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré tí wọ́n sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Nítorí náà, okùn ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ilé ni ó rọrùn jù lọ fún ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.

Ohun kejì tí ó yẹ ní rírò ni ìdí tí ẹnì kan fi fẹ́ kó ẹyin náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbígbà á là ni, nítorí pé wọ́n rí bí lékeléke, ẹja àti ọmọ lámilámi ṣe ń jẹ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní légbénlégbé. Àánú ni èrò yìí ti wá, ṣùgbọ́n ìṣirò tako ó. Bí iye ọ̀pọ̀lọ́ àdúgbò kan kò bá pọ̀ sí i, tí kò sì dín kù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ẹyin tí akọ àti abo kan yé jálẹ̀ ayé wọn, méjì péré ni ó dàgbà láti rọ́pò wọn. Ikú àwọn ìyókù kì í ṣe òfò, nítorí òun ni ó ń bọ́ àwọn ẹyẹ àti ẹja, ó sì ti wà nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni ó mú kí ìyá yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tí ó bá sin ogún ọmọ dàgbà nínú ike kò tíì fi ohun púpọ̀ kún iye ọ̀pọ̀lọ́ Ìkẹjà.

Ohun tí ó ń dín wọn kù ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature tẹ àyẹ̀wò ńlá kan jáde lórí ẹ̀yà ẹran jomijòkè 8,011 káàkiri àgbáyé, ó sì fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀yà, bí 41 ni ó wà nínú ewu ìparun; bíba ibùgbé wọn jẹ́ sì wà lára olórí ohun tí ó fà á. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kíkó àwọn àgbà wọn fún jíjẹ àti títà tún wà níbẹ̀: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 sọ pé apẹran 32 péré ní àríwá Nàìjíríà ń ta ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 2.7 láàárín ọdún kan, kọ̀ǹkọ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú ọjà náà. Àgbà tí ó ti la gbogbo ewu èwe kọjá kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ apẹran ṣòro ní rírọ́pò ju ẹyin lọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n dí pa ṣe ṣòro ní rírọ́pò ju àgbà kan lọ.

Àpẹẹrẹ ohun tí gbígbà là ń náni wà ní ilẹ̀ Tanzania. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ní ayé àfi níbi tí eruku omi odò Kihansi ń fẹ́ sí. Ọmọ ni ó ń bí, kì í yé ẹyin. Nígbà tí ìdídò iná mànàmáná darí omi náà gba ibòmíràn, wọ́n kó 499 nínú wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, wọ́n kéde ní ọdún 2009 pé kò sí i mọ́ nínú igbó, ó sì di ọdún 2012 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ padà ní Kihansi, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ń fún omi bí eruku sí ibùgbé náà. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò lè dá ọ̀pọ̀lọ́ náà padà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tún ilé rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí ó ní báàfù kan ní ẹ̀yìnkùlé.

Ohun kẹta ni àrùn, òun ni ó sì lágbára jù nínú ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ẹyin láti ìlú kan dé òmíràn. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ fún ẹ̀yà olú kan tí ó kéré ju kí ojú rí i lọ ní orúkọ Batrachochytrium dendrobatidis. Awọ ara ni ó ń bá jà, awọ sì ni ẹran jomijòkè fi ń mu omi, òun náà ni ó fi ń gba apá kan nínú èémí rẹ̀, nítorí náà bí awọ bá bàjẹ́, ẹ̀mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2019 kà á pé ó ti dín ẹ̀yà tí kò dín ní 501 kù, àti pé 90 nínú wọn ni ó jọ pé ó ti parun pátápátá. Ibi tí ó ti burú fún ẹni tí ń sin ẹyin nílé ni pé, lára ọmọ inú omi, agbègbè ẹnu nìkan ni àrùn náà ń gbé, kì í sì í sábà pa á; ọmọ yóò máa lúwẹ̀ẹ́, yóò máa jẹun, yóò sì máa dán, títí yóò fi yọ ẹsẹ̀, tí awọ àgbà yóò wá dé, tí àrùn yóò sì tàn ká a.

Àwọn onímọ̀ ti rí àrùn yìí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, níbi tí ilẹ̀ ọ̀dàn ti ya wọ inú igbó títí dé etí òkun, tí ó sì pín igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 kò rí àrùn náà rárá ní apá ìwọ̀-oòrùn àlàfo yìí. Inú àlàfo náà ni àwọn ìlú Yorùbá bíi Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ọkọ̀ sì ń lọ ọkọ̀ ń bọ̀ láàárín wọn àti Èkó lójoojúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi kan tí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀ lè gbé ohun tí odò àti ọ̀dàn ti dá dúró láti ọjọ́ pípẹ́ kọjá ààlà ní wákàtí mélòó kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́ ọmọ, tí sísin ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ sì ti jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òfin ọdún 1981 lórí ẹranko àti igbó dáàbò bo àwọn ẹ̀yà kan pátápátá, débi pé ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ kó ẹyin wọn. Bí òfin ilẹ̀ kan kò bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé, ọgbọ́n inú òfin bẹ́ẹ̀ yẹ ní títẹ̀lé.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilẹ̀ Àgídìngbì fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko kòkó àti obì ni ó gbòde ní agbègbè Agége, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ẹ̀rọ, láti ìgbà náà sì ni oko àti àbàtà ti ń di ọgbà iléeṣẹ́, ilé gbígbé àti títì. Ní àkókò yìí, íńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n ń tẹ́ sínú ọgbà, omi òjò a sì sáré lọ sínú gọ́tà láìdúró. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ní Àgídìngbì, ẹni tí ó bá rí ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ń fò kiri nínú oòrùn gan-an lè béèrè ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ pa ní àdúgbò náà. Àwọn kan yóò da iyọ̀ lé e lórí nítorí pé wọ́n gbà pé ẹni ibi ni ó rán an, iyọ̀ náà yóò sì fa omi jáde lára rẹ̀ títí yóò fi kú ikú oró, bẹ́ẹ̀ èèrà, ikán àti aáyán ni ẹ̀dá náà jáde wá jẹ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀nà tí ó tọ́ láti gbà sìn ín ṣeé sọ láìfi ọ̀rọ̀ gùn. Kí ẹyin wá láti inú ọgbà ẹni tàbí àdúgbò ẹni, kí ó má sì kọjá bí ogún, tí wọ́n rọra fi síbí ńlá tàbí abọ́ bù pẹ̀lú omi tí ó wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bù ú nínú gọ́tà tí ó gba ẹ̀yìn iléeṣẹ́, ìdí ọkọ̀ mẹkáníìkì tàbí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kọjá, nítorí pé ohun tí omi bẹ́ẹ̀ gbé lè ṣe ọwọ́ ọmọdé ní ibi. Báàfù fífẹ̀ dára ju garawa jíjìn lọ, nítorí ojú omi ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé; omi bíi lítà 20 sì tó fún ogún ọmọ. Omi òjò tí ó bọ́ tààrà láti ojú ọ̀run dára jù lọ. Omi ẹ̀rọ ìjọba lè ní chlorine, èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi mímu, nítorí náà ó yẹ kí ó wà ní ìta láìbò fún ọjọ́ kan kí èròjà náà lè fẹ́ lọ. Omi bọ́ọ̀hóòlù tí ó ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lára ike kò dára fún un. Abẹ́ ibòòji tí ìmọ́lẹ̀ dé díẹ̀ ni kí báàfù wà, nítorí oòrùn ọ̀sán Èkó lè mú omi kékeré gbóná débi tí yóò pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀, a kì í sì í fín oògùn ẹ̀fọn sí ìtòsí rẹ̀.

Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ sábà máa ń pa láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta nínú ooru ilẹ̀ yìí. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ní jẹun ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí pé ó ṣì ń jẹ ìyókù oúnjẹ tí ó bá wá nínú ẹyin. Yóò kàn lẹ̀ mọ́ ara ike bí ẹni pé ó ti kú ni. Lẹ́yìn náà, ọbẹ̀dọ̀ ara òkúta ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n bọ̀ láìfi iyọ̀ sí i náà yóò sì ṣe é, ìwọ̀nba tí yóò lè jẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù a máa jẹrà, a sì máa gba afẹ́fẹ́ inú omi, ìyẹn ni ó ń pa wọ́n ju ebi lọ. Ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹni náà da ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń pa, kì í ṣe sínú gọ́tà, kí ó sì fi omi tuntun dípò rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹni náà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ayé àtijọ́, wolé-wolé máa ń yẹ inú ìkòkò omi àwọn ará ilé wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì tíì yí padà: omi tí ó dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá tó fún ẹ̀fọn láti ti inú ẹyin dé ìyẹ́. Báàfù tí kò ní àwọ̀n lórí ń sin ẹ̀fọn pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni. Kí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré bò ó dáadáa, kí ó sì wà níbi tí ọmọ tí ń rákò kò lè dé, nítorí omi díẹ̀ tó láti gba ẹ̀mí ọmọdé. Oje ara ọ̀pọ̀lọ́ ní májèlé, ẹyin àti ọmọ inú omi náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ojú tàbí oúnjẹ.

Bí oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tí ẹyin pa, ohun ìyanu tí gbogbo làálàá yìí wà fún yóò ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ hù, lẹ́yìn náà ni ti iwájú yóò yọ. Ohun kékeré kan nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, òun náà tí ń wú lọ́rùn ẹni tí gẹ̀gẹ̀ bá mú, ni ó ń pàṣẹ ìyípadà náà: ní ọdún 1912, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Gudernatsch fi ẹran thyroid bọ́ àwọn ọmọ inú omi, wọ́n sì yára yọ ẹsẹ̀ láìtíì dàgbà, wọ́n di àgbà kéékèèké tí kò ju eṣinṣin lọ. Ní àkókò yìí, ẹnu àti ìfun ọmọ náà ń di tuntun, kò lè jẹun, ìrù rẹ̀ ni ara rẹ̀ sì ń jẹ títí yóò fi tán. Bí kò bá sí òkúta tàbí bíríkì tí ó yọ sókè nínú omi tí yóò gùn, omi tí ó ti ń gbé láti ọjọ́ tí ó ti jáde ni yóò pa á, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró ni ó fi ń mí báyìí.

Ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkúta kò tó èékánná àtàǹpàkò, kòkòrò ààyè tí ó kéré ju èyíkéyìí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ mú lọ ni ó sì ń jẹ, nítorí náà kò sí ìdí láti dá a dúró fún ọjọ́ kan sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, bí ó ṣe dára jù lọ lẹ́yìn òjò, kí ẹni náà gbé e padà sí etí omi tí ó ti bu ẹyin rẹ̀, kì í ṣe sí odò tí ó lẹ́wà jù ú lọ, kì í sì í ṣe sínú adágún ẹja àrọ̀ aládùúgbò. Ibẹ̀ ni àrùn tí ó wà kò ti ní jẹ́ tuntun, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti mọ̀ bí a ti ń gbé.

Ẹni tí ó bá ronú dé ibí yìí yóò rí i pé iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ara báàfù. Ní Àgídìngbì, láàárín ọjọ́ tí ọmọ kan bu ẹyin àti ọjọ́ tí ó fẹ́ dá ọ̀pọ̀lọ́ padà, katakata lè ti wá, kí íńtálọ́ọ̀kì sì ti bo ọ̀gọ̀dọ̀ náà. Nítorí náà, kí bàbá tàbí ìyá tí ọmọ bá mú ẹyin tọ̀ wá kọ́kọ́ bá a rìn lọ sí etí omi, kí wọ́n wo ilẹ̀ náà papọ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Bí ibẹ̀ yóò bá wà fún oṣù méjì, kí wọ́n kó ogún ẹyin, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Bí kò bá ní sí mọ́, kí wọ́n wá igun kan nínú ọgbà tí wọn kò ní tẹ́ pa, tí koríko lè hù, tí òjò lè dúró sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọn yóò sì máa yẹ̀ wò nítorí tanwíjí, kí wọ́n gbé gbogbo okùn ẹyin náà lọ síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí ti sin ọ̀pọ̀lọ́ dáadáa, bí kò bá tilẹ̀ gbé báàfù kankan wọlé.